Àmín Tí Ìyá Mi Ṣe

Ìyá mi ló pa mí lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe pé ó bá mi wí o. Mo jókòó tì í nínú ilé rẹ̀ ní Sakété, a ń mu ẹ̀kọ àárọ̀, ni fóònù aya àbúrò mi tó wà lójú fèrèsé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn tèmi ni. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Kí ni wọ́n wí?" Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò mi nìyẹn láràárọ̀. Ìyá mi na ọwọ́, ó mú fóònù náà, ó wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó pa á. Ó dá a padà sójú fèrèsé, ó ní kí n bu ẹ̀kọ sí i fún òun.

Mo ní, "Màámi, èmi mà ni mò ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ ni?"

"Mo ti gbọ́ tèmi. Èyí tí mo gbọ́ tó mi."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí kò ní orúkọ gidi ní èdè wa. Àwọn ọ̀mọ̀wé Kútọnu ń pè é ní pọ́díkáàsì. Ní ọjà Pobè, ódíò ni wọ́n ń pè é, ó tán. "Ṣé ódíò òní ti dé?" "Àbẹ̀ní, ódíò àná ò yé mi o, tún un ṣe." Wọ́n á máa pàṣẹ fún mi bí ẹni tó gbé aṣọ wá fún télọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni mo ti máa ń gbọ́ àwọn ètò ìròyìn Faransé tó jáde lórí fóònù, ti Kútọnu, ti Paris, ti àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n máa ń pariwo bí ẹni ń lé adìyẹ. Màá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó máa kan ẹni tó ń roko tàbí ẹni tó ń tajà. Màá ti orí bọ àárín aṣọ tí mo fi kọ́ sára ògiri yàrá mi, torí pé aṣọ kì í jẹ́ kí ohùn máa dún padà, màá sì sọ ọ́ ní Ànàgó, Yorùbá tiwa, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìgbà tí ẹ̀kọ gbígbóná fi ń tutù lọ. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa á, wọ́n á lọ sóko.

Láti ọ̀dọ̀ mi ní Pobè, àwọn zẹ́míjàn, àwọn ọlọ́kadà wa, ló ń gbé e kiri. Wọ́n ń gbé e lọ sí Towé àti Igana, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe bí ọkọ oníyàwó méjì, lónìí ó wà nílé, lọ́la ẹ ò ní rí i. Ẹni tí kò bá rí i gbà lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á fi fóònù kan tàtaré rẹ̀ sí òmíràn. Ní Igana, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á jọ gbọ́ ọ, wọ́n á jọ jà sí i, kí wọ́n tó gbé ọkọ́.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Leọ́nà. Òun ló ń ka ìròyìn Yorùbá ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan nígbà kan rí, títí òpó rédíò náà fi wó lulẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé e dìde. Nígbà tó rí i pé àwọn èèyàn ti ń gbọ́ nǹkan lórí fóònù, ó ní kí n wá ká jọ ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fún mi ní ọ̀rọ̀ kan tí mínísìtì kan sọ, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, mo kó ọ̀rọ̀ ńláńlá sí i. Ó ní, "Ó dáa. Lọ kà á fún ìyá tó ń ta ata níta yẹn."

Mo lọ kà á. Ìyá náà gbọ́ tán, ó mi orí, ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere o."

Mo padà wọlé tayọ̀tayọ̀. Ọ̀gá Leọ́nà ní, "Kò gbọ́ nǹkan kan nìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yé, á bínú tàbí kó rẹ́rìn-ín. Àdúrà ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé máa ń gbà."

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé e.

Ó kọ́ mi níṣẹ́ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú méjì pa pọ̀ láti fi gba ìjọba, tí Faransé inú rẹ̀ gùn bí ọ̀nà Àjàṣẹ́, òun ló ní kí n sọ pé, "Àwọn orogún méjì tó ń bú ara wọn lánàá ti jọ dáná lónìí, torí ọkọ ń bọ̀ láti ìrìn àjò." Ọ̀sẹ̀ náà, kò sí ibi tí mo dé ní ọjà tí wọn ò ti bi mí pé ta ni yóò gbé oúnjẹ fún ọkọ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yé wọn! Òfin tó fún mi kò pọ̀. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n wí kí n tó sọ ohun tí mo rò. Kí n má sì kí olóṣèlú kankan láéláé, torí pé ní ìlú wa níhìn-ín, bó o bá kí ẹnì kan, o ti bú ẹnì kejì. Torí òfin àkọ́kọ́ yẹn la ṣe sọ ètò náà ní Kí Ni Wọ́n Wí?

A wá pín iṣẹ́. Èmi ni mo ń ṣàlàyé ìròyìn. Òun á wá fi ọ̀rọ̀ àgbà díẹ̀ kádìí rẹ̀, á sì fi í ránṣẹ́ síta. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí àsìkò ìbò fi dé, tí Alájì fi wá.

Alájì yìí ń ta sìmẹ́ńtì, ó sì ń wá ipò depité, aṣòfin ìlú. Ó wá sílé Ọ̀gá Leọ́nà ní ọ̀sán ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rín àti aṣọ ńlá. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó ní òun ò bá ti ìpolongo wá. Ó ní òun ò ní dárúkọ ẹgbẹ́, òun ò ní dárúkọ ara òun. Òun kàn fẹ́ ṣàdúrà fún ìlú ní ìparí ètò wa, nítorí pé àsìkò le.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tó ń wá ipò ni o."

Ọ̀gá wò mí bí ẹni tó tutọ́ síwájú àlejò. Ó ní, "Àbẹ̀ní, ta ní í kọ àdúrà? Kristẹni ni mí, mùsùlùmí ni Alájì, ìwọ náà ń kírun. Ọlọ́run kan náà là ń bẹ̀. Ṣé kí n sọ fún àgbàlagbà pé kó má tọrọ ire fún ìlú ni?"

Alájì ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Ọ̀gá. Ọmọdé ni."

Ọmọdé! Èmi tí ọmọ mi ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo bínú, mo sì sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì pé n kò fara mọ́ ọn. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Mo rò pé ó gbọ́ mi lóòótọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣe tèmi, lórí òfin tuntun nípa kíkó oúnjẹ kọjá bọ́dà. Mo fi í ránṣẹ́ sí Ọ̀gá kó kádìí rẹ̀, mo sì gun zẹ́míjàn lọ sí Igana láti bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ohun tí òfin náà máa ṣe fún àgbàdo wọn. Bí mo ṣe débẹ̀, ètò náà ń lọ lọ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní kí n jókòó, ẹlẹ́nu ìròyìn ti dé. Mo gbọ́ ara mi tán. Mo ń dúró de ohùn Ọ̀gá, ohùn Alájì ló jáde.

Ohùn dídùn ló ní, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. "Ọlọ́run Ọba, jẹ́ kí òjò rọ̀ lásìkò." Gbogbo abẹ́ igi ní àmín. "Jẹ́ kí àwọn ọmọ wa yege ìdánwò." Àmín! "Má jẹ́ kí a fi àárọ̀ sunkún." Àmín o! "Àwọn àjèjì tó jókòó sórí ìjókòó onílé, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọmọ onílé, Ọlọ́run, bá wa ṣí wọn nídìí." Àmín, àṣẹ!

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe rí. A kì í gbọ́ àdúrà ní ilẹ̀ wa ká dákẹ́. Láti ẹ̀yìn ìyá wa ni wọ́n ti kọ́ wa. Bí ẹni tó ń ṣàdúrà bá ti mí, àmín ló kàn. Bí ẹnu bá sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin á jáde fúnra rẹ̀. Ẹnu tèmi náà ti ṣe é kí etí mi tó débẹ̀. Mo wo ojú àwọn tó yí mi ká, kò sí ẹni tó kíyè sí nǹkan kan. Wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ.

Mo pe Ọ̀gá níbẹ̀, kò gbé e. Ódíò sì ti jáde. Ó ti wà ní Towé, ó ti wà ní ọjà Pobè, ó ti dé Sakété.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìyá mi. Ìpókíá ni wọ́n ti bí i, lọ́hùn-ún bọ́dà, ní Nàìjíríà. Bàbá mi ló fẹ́ ẹ wá sí Sakété nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge. Èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ àti èyí tí à ń sọ níhìn-ín, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn òyìnbó méjì ló fa ìlà sáàárín, tí ọ̀kan lọ kọ́ Faransé, tí èkejì lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Abọ́ àti ìkòkò ni ìyá mi ń tà ní ọjà Sakété. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló pọn àwọn tó ń pè é ní àjèjì lónìí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe ètò yìí, òun ló máa ń gbé fóònù sáàárín abọ́ rẹ̀ tí yóò yí i sókè gan-an, kí gbogbo ọjà lè mọ̀ pé ọmọ òun ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó yí i sókè bákan náà. Wọ́n ní àmín tirẹ̀ ló dún jù lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí aya àbúrò mi pè mí. "Àǹtí, ẹ máa bọ̀. Wọ́n wà nídìí ìsọ̀ Ìyá."

Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ọkùnrin mélòó kan tí wọ́n ní àwọn ni ẹgbẹ́ ọmọ onílé dúró yí ìsọ̀ ká. Wọ́n ti lé àwọn oníṣòwò ará Nàìjíríà kan kúrò ní apá ibẹ̀. Ìyá mi nìkan ló kù. Ó wà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ń fi abọ́ kan sínú òmíràn.

Mo pariwo. Mo ní ta ló fún wọn láṣẹ? Ìwé wo ni wọ́n ní? Mo bú wọn ní Ànàgó, mo bú wọn ní Faransé, mo fi èdè Gùn díẹ̀ kún un kí ó lè yé gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tó jẹ́ pé ìyá mi ló ta abọ́ ìgbéyàwó fún ìyàwó rẹ̀, kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Àǹtí Àbẹ̀ní, nínú ètò tiyín la ti gba àdúrà yìí. Ìyá fúnra wọn ṣe àmín. Gbogbo ọjà ló gbọ́ wọn."

Mo yíjú sí ìyá mi kó bú u fún mi. Ìyá mi ní, "Òtítọ́ ló sọ. Mo ṣe àmín."

"Màámi, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń wí nígbà yẹn!"

"Èmi ò mọ̀. Ìwọ ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ kọ́ ni kó o máa sọ ohun tí wọ́n wí fún wa?"

Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, n kò tijú. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan abọ́ òun. Òun fúnra rẹ̀ dì í, òun fúnra rẹ̀ pe ọmọlanke. Kò bẹ̀ wọ́n. Ó kí àwọn aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ pé ó dìgbóṣe, àwọn yẹn sì ń wo ilẹ̀.

Láti ibẹ̀, ilé Ọ̀gá Leọ́nà ni mo gbà lọ tààrà. Ó ń fi ọ̀bẹ kékeré kan gé èékánná níwájú ilé. N kò kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ náà. Mo dúró ni.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni wọ́n wí?"

Ó ní, "Àwọn wo?"

"Alájì. Nínú ètò wa. Kí ni wọ́n wí?"

"Àdúrà ni wọ́n gbà."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo ní, kí ni wọ́n wí?"

Ó fi ọ̀bẹ kékeré náà sílẹ̀. Ó wá ní òun ò fi gbogbo etí gbọ́ ọ kí òun tó fi ránṣẹ́. Ó ní èèyàn kì í jókòó kó máa yẹ àdúrà wò bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀wà. Mo sọ fún un pé wọ́n ti lé ìyá mi kúrò lọ́jà. Háà, ojú rẹ̀ yí padà lóòótọ́, ó fọwọ́ lérí. Mo ní kó wá ká jọ ṣe ódíò mìíràn, kí òun fi ohùn ara rẹ̀ sọ fún ìlú pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n fi aṣọ àdúrà wọ̀.

Ó ní, "N kò lè ṣe é, Àbẹ̀ní. Ta ní í dá àdúrà padà? Ẹni tó bá ta ko àdúrà tí gbogbo ìlú ti ṣe àmín sí, ojú wo ni wọ́n máa fi wò ó?"

Mo ní, "Ojú tí wọ́n fi ń wo ìyá mi."

Bí èmi àti rẹ̀ ṣe pínyà nìyẹn. Títí di òní, bí a bá pàdé ní Pobè, a máa ń kí ara wa. Ó tán síbẹ̀.

Mo ṣe ódíò náà fúnra mi. Mo tún àdúrà náà kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo bi àwọn tó ń gbọ́ mi pé nígbà tí wọ́n ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ àjèjì, ta ni wọ́n rí lọ́kàn? Ṣé ìyá tó ń ta abọ́ ni, àbí ẹni tó jẹ owó títì tí kò ṣe títì? Mo ní bí ẹnu wa bá ti ṣe àmín sí ohun tí etí wa kò gbọ́, kí a fi ẹnu kan náà sọ pé a kò gbọ́ ọ. Nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe, òun ló dára jù, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọn ò gbé e. Àwọn zẹ́míjàn tó máa ń du ódíò lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára fún Alájì! Ọ̀kan sọ ọ́ fún mi lójú pé òun ò lè gbé ọ̀rọ̀ tó ń bá Ọlọ́run jà sórí ọ̀kadà òun, òun ní ọmọ nílé. Ìyàwó wòlíì kan nínú àwọn aláṣọ funfun, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé, "Àǹtí, nítorí pé ìyá yín kì í ṣe ọmọ ibí lẹ ṣe ń sọ̀rọ̀." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ó sì tún fi àdúrà kádìí rẹ̀, ẹ gbà mí!

Ìbò dé, ìbò lọ. Alájì kò wọlé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ọkùnrin náà kò wọlé. Ó padà sídìí sìmẹ́ńtì rẹ̀. Bó bá rí mi lójú ọ̀nà, á dá ọkọ̀ dúró, á ní, "Oníròyìn, ẹ kú iṣẹ́ o," bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Àdúrà rẹ̀ kò gbé e dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ṣí ìyá mi nídìí. Ẹlòmíràn ló wà nínú ìsọ̀ náà báyìí, aṣọ òkìrìkà ló ń tà níbẹ̀. Mo lọ bẹ̀ wọ́n ní mẹ́rì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lé ẹnikẹ́ni, ìyá ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Àwọn abọ́ ìyá mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ di báyìí, eruku ti bò wọ́n.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? Àwọn tó ń gbọ́ mi dín kù, wọ́n tún pọ̀ díẹ̀, torí pé Faransé ìjọba kò yé wọn, òfin sì ń jáde lójoojúmọ́. Èmi nìkan ni mò ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èmi nìkan ni mò ń kádìí rẹ̀. Kò sí àdúrà níbẹ̀. Wọ́n ń ráhùn. Wọ́n ní ètò tí kò ní àdúrà dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ gbàdúrà nílé wọn, kí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ojú mi ti le. Ó ti le, mo gbà.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu yẹn, a mu ẹ̀kọ wa tán, a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, a sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn ún. Nígbà tó tó àkókò láti padà sí Pobè, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré mi. Ó ní, "Àbẹ̀ní, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Ẹnu tó o fi ń jẹun kò ní di ẹnu tí wọ́n á fi mú ọ."

Àmín kò jáde lẹ́nu mi. Ẹ ò ní gbà á gbọ́. Ìyá tó bí mi ń ṣàdúrà fún mi, mo dúró, mò ń tú ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń tú ọ̀rọ̀ àwọn mínísìtì. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ń wò mí. Ó ti rí ohun tí mò ń ṣe.

Kò bínú. Ó kàn gbọ́wọ́ kúrò léjìká mi. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó o máa gbọ́ ọ tán kó o tó dáhùn."

Ó yí padà, ó ń fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn wọlé lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣe àmín.